Bí ẹ ṣe lè fi pápá bọ́ọ̀lù kékeré àti ọjà àdúgbò di ará ilé nílùú Ọba

"Ẹ̀gbọ́n, oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti dé. Iṣẹ́, ilé, ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò mọ ẹnì kankan." Irú àtẹ̀jíṣẹ́ báyìí kì í pẹ́ kó tó tún wọlé sórí fóònù mi, àfi bíi pé ẹnì kan náà ló ń kọ gbogbo wọn. Mo dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi sú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ìdáhùn mi kò gùn. Ẹ mú ibì kan tí wọ́n ti ń ṣeré ìdárayá, ẹ mú ìsọ̀ kan lọ́jà, kí ẹ sì máa lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, lákòókò kan náà, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Ibi kékeré ni kó jẹ́. Òyìnbó kì í sáré bá àlejò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú tó bá ti rí lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, á mi orí sí i. Tó bá yá, á kí i. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá wá bi yín pé, "A ò rí ẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣé kò sí?", ẹ ti di ará ibẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń gbé, ohun tí mo mọ̀ níbẹ̀ ni mò ń sọ.

Físà yín lẹ máa kọ́kọ́ wò

Ibí yìí ni àwọn kan ti ń ṣìṣe láìmọ̀. Kò sí físà tó ní kí ẹ má wo bọ́ọ̀lù tàbí kí ẹ má gbá a fún ìgbádùn lásán. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún mẹ́ta yìí:

- Físà akẹ́kọ̀ọ́ kò fàyè gba òwò ara ẹni. Bí ẹ bá gba ìsọ̀ lọ́jà ní Sátidé tí ẹ ń ta àǹkárá, òwò nìyẹn. Ẹ má dán an wò.
- Físà akẹ́kọ̀ọ́ kan náà kò gbà kí ẹ fi eré ìdárayá ṣiṣẹ́, ì báà jẹ́ gbígbá ni tàbí kíkọ́ àwọn ẹlòmíì. Àwọn ẹgbẹ́ kékeré kan wà tó ń fún agbábọ́ọ̀lù lówó díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á ní owó ọkọ̀ lásán ni. Ẹ béèrè dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.
- Bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ rí gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù nílé, ẹ sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ tuntun náà. Wọ́n ní láti gba ìyọ̀ǹda láti ọ̀dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ tí ẹ ti wá kí ẹ tó lè gbá fún wọn.

Físà iṣẹ́ ní òfin tirẹ̀ lórí iṣẹ́ àfikún. Ohun tí wọ́n kọ sí tiyín ni kí ẹ kà, ẹ má fi ti ọ̀rẹ́ yín ṣe ìwọ̀n.

Ibi tó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀: parkrun

Eré sísá tí àwọn ará àdúgbò jọ ń sá ní páàkì ni parkrun. Ọ̀fẹ́ ni, kìlómítà 5 ni, 9 àárọ̀ Sátidé ni (ní Scotland àti Northern Ireland, 9:30 ni). Èèyàn 13 péré ló sá a nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Bushy Park ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2004. Ní báyìí, ìlú tó bá tóbi díẹ̀ ti sábà máa ń ní tirẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ dẹ́rù bà yín, ọ̀pọ̀ ló ń rìn ín jẹ́jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

1. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa ṣe é, ẹ ò sì ní san kọ́bọ̀.
2. Wọ́n á fún yín ní barcode. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tàbí kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sílé, ẹ ṣì lè sáré, àmọ́ orúkọ yín kò ní jáde nínú èsì.
3. Ẹ ti dé ibẹ̀ ní nǹkan bí 8:40. Ẹnì kan máa ń ṣàlàyé ọ̀nà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ dúró lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì sọ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí àdúgbò ni.
4. Ẹ bọ́ sẹ́yìn. Àwọn tó ń sáré bí ẹṣin ló ń dúró níwájú, wọ́n sì lè gbá yín ṣubú. Ẹ má bẹ̀rù pé ẹ máa gbẹ́yìn: ẹnì kan wà tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti jẹ́ ẹni ìkẹyìn.
5. Tí ẹ bá dé òpin, wọ́n á na àmì kékeré kan sí yín. Wọ́n á yẹ òun àti barcode yín wò, wọ́n á sì gbà á padà. Ẹ̀bùn kọ́ o! Èmi rò pé ẹ̀bùn ni lọ́jọ́ kìíní, mo gbé e lọ sílé, mo gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó mọ̀ pé wọ́n ti ń wá a.
6. Lọ́sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ yọ̀ǹda ara yín fún iṣẹ́ kan dípò kí ẹ sáré. Ẹni tó ń sáré kì í ráyè sọ̀rọ̀, ẹni tó dúró ní kọ́nà pẹ̀lú aṣọ aláwọ̀ yẹ́lò tó ń pàtẹ́wọ́ fún gbogbo èèyàn ni gbogbo èèyàn ń mọ̀.

Bí ẹ bá ní ọmọ ọdún 4 sí 14, tiwọn wà láàárọ̀ Sọ́ńdè, kìlómítà 2. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ṣírò àkókò ná. 9 ló ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í pẹ́ tán.

Bọ́ọ̀lù: ẹ fi ẹgbẹ́ ńlá sílẹ̀ ná

Mo mọ̀ pé láti ilé lẹ ti ń ṣe Arsenal, Chelsea tàbí Manchester United. Kò burú, èmi náà ní tèmi. Ṣùgbọ́n láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn nínú pápá ńlá, ta lẹ fẹ́ mọ̀? Ẹ jókòó síbí lónìí, ẹ jókòó sọ́hùn-ún nígbà míì, tíkẹ́ẹ̀tì sì rèé, ó wọ́n bí ojú. Pápá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé yín, tí èèyàn igba tàbí ọ̀ọ́dúnrún ń wá, ojú kan náà lẹ máa ń bá níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tó máa ya ẹni tó ti bá ilé ìwòran bọ́ọ̀lù dàgbà lẹ́nu. Láàárín 2:45 sí 5:15 ọ̀sán Sátidé, wọn kì í fi bọ́ọ̀lù hàn láàyè lórí tẹlifíṣọ̀n nílùú Ọba, kí àwọn èèyàn lè jáde lọ sí pápá. Ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Ìbàdàn lè máa wo ìdíje tí wọ́n ń gbá nítòsí ilé yín, kí ẹ̀yin má sì rí i. Nítorí náà, ẹ jáde.

*Bí ẹ ṣe máa ṣe é*

1. Ẹ wá ẹgbẹ́ tó sún mọ́ yín lórí máàpù fóònù. Premier League ló wà lókè, ìpele mẹ́ta tó ní ẹgbẹ́ 24 lọ́kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé e, National League wá wà nísàlẹ̀ wọn. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ National League ni mò ń sọ, wọ́n pọ̀ bí iyanrìn.
2. Ẹ wo ìkànnì wọn, kí ẹ mú Sátidé tí wọ́n bá ń gbá nílé. 3 ọ̀sán ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Tí Premier League bá dúró nítorí ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè, àwọn kékeré sábà máa ń gbá tiwọn lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló dára jù láti kọ́kọ́ lọ.
3. Ẹ mú káàdì àti owó díẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ẹnu ọ̀nà lẹ ti máa sanwó, ẹ ò nílò tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú.
4. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò ṣàwàdà. Orí kọnkéré lẹ máa dúró sí fún wákàtí méjì, àtẹ́lẹsẹ̀ sì ni òtútù ti ń gòkè.
5. Ẹ dé ní 2:30. Ẹ ra tíì lójú fèrèsé tí wọ́n ti ń tà á. Bí ẹnì kan bá ń ta tíkẹ́ẹ̀tì oríire kiri, ẹ ra ẹyọ kan. Ẹni tó bá jẹ á gba apá kan owó náà, ìyókù á lọ sápò ẹgbẹ́. Bí ẹ̀rí ọkàn yín kò bá gba irú rẹ̀, ẹ kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ kí ẹ sì ní "no thank you", kò sẹ́ni tó máa bínú.
6. Ẹ yan ibi kan tí ẹ máa máa dúró sí, kó jẹ́ ibẹ̀ náà ní gbogbo ọ̀sẹ̀.
7. Tí wọ́n bá fọn fèrè ìsinmi, ẹ lè rí i pé àwọn tó wà lẹ́yìn gólì kàn ṣí, tí wọ́n ń rìn lọ sí òdìkejì. Ìjà kọ́. Ẹ̀yìn gólì tí ẹgbẹ́ wọn máa gbá bọ́ọ̀lù sí ní ìdajì kejì ni wọ́n ń lọ. Ẹ tẹ̀ lé wọn.
8. Tí eré bá parí, ẹ má sáré sá lọ. Ẹ yà sí ilé ìgbafẹ́ ẹgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ lè mu Coke, kò sí dandan ní ti ọtí.

*Kí lẹ máa sọ?*

Ojú ọjọ́ àti rẹfirí. Méjèèjì kì í ṣì yín lọ́nà. Tí wọ́n bá sọ fún yín pé "You alright?", kì í ṣe ara yín ni wọ́n ń béèrè, ẹ má ṣàlàyé ẹ̀yìn tó ń dùn yín. "Alright, you?" ti tó, ẹ máa lọ.

Ẹ má kọ́kọ́ bú agbábọ́ọ̀lù wọn. Ẹni tó dúró tì yín lè jẹ́ bàbá aṣọ́lé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọlé.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni ó fún èmi ní wàhálà jù. Bàbá kan wà tí a jọ máa ń fẹ̀yìn ti irin kan náà, orí rẹ̀ funfun báláú, ó ju bàbá mi lọ. Lọ́sẹ̀ kẹrin ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n máa pe òun lórúkọ. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo gbìyànjú, "sir" ló jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí tíì fi dànù lára ẹ̀wù rẹ̀, láti ọjọ́ náà, "Sir" ló sọ èmi náà. Bí tiyín náà bá kọ̀, kò sóhun tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Ẹ̀rù ló máa bà wọ́n, wọ́n á rò pé ẹ ṣubú ni.

*Bí ẹ bá wá fẹ́ lọ sí pápá ńlá*

- Ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ tàbí ẹni tó fún láṣẹ lẹ ti máa ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń tà á lẹ́bàá pápá láìgbàṣẹ ń rú òfin, tiyín sì lè má ṣí ilẹ̀kùn.
- Ẹ má wọ jẹ́sì ẹgbẹ́ àlejò jókòó sáàárín àwọn onílé. Wọ́n á lé yín jáde, fún ààbò ara yín sì ni.
- Ní ìpele márùn-ún àkọ́kọ́ ti bọ́ọ̀lù ọkùnrin, òfin kò gbà kí èèyàn máa mu ọtí níbi tó ti ń wo pápá. Ní ìsàlẹ̀ ni ẹ ti máa rí ẹni tó gbé ife bíà dúró lẹ́bàá ìlà.
- Ẹ má wọ inú pápá, kódà bí ẹgbẹ́ yín bá gba ife. Ọ̀ràn ni, físà yín sì lè ti ibẹ̀ bàjẹ́.
- Báàgì kékeré ni kí ẹ gbé. Ẹ yẹ ìkànnì wọn wò fún ìwọ̀n tí wọ́n gbà.

Nípa àwọ̀ ara, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo ti wo bọ́ọ̀lù lọ́pọ̀ ọdún, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn mí, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má bá a jà. Ẹ kíyè sí ibi tó jókòó àti ago tó lù, ẹ pe òṣìṣẹ́ tó wọ aṣọ títàn tó wà nítòsí. Ẹ tún lè fi tó àjọ Kick It Out létí, wọ́n ti ń gbógun ti irú ìwà bẹ́ẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù láti 1993.

*Bí ẹsẹ̀ bá ń yún yín láti gbá a fúnra yín*

Ẹgbẹ́ Sọ́ńdè pọ̀, ti ẹlẹ́ni márùn-ún-márùn-ún lálẹ́ náà pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé ní àádọ́ta, ẹ wá bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń rìn gbá, ẹni tó bá sáré ni rẹfirí ń fọn fèrè fún. Kí ẹ tó wọlé, ẹ rántí pé ẹsẹ̀ tó bá rọ́ ní Sọ́ńdè, iṣẹ́ Mọ́ńdè ló máa jẹ níyà, pàápàá bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ gbígbé aláìsàn sókè sódò. Fún àwọn ọmọ, ẹ béèrè ẹni tó ń bójú tó ààbò ọmọdé nínú ẹgbẹ́ náà. Ẹgbẹ́ ọmọdé tí kò bá lè dárúkọ rẹ̀, ẹ mú ọmọ yín lọ síbòmíì.

Ẹni tí kò fẹ́ bọ́ọ̀lù rárá

Kírííkẹ́ẹ̀tì wà láti April sí September. Ọ̀nà tí mo fi kọ́ ọ rèé: bọ́ọ̀lù mẹ́fà ló wà nínú "over" kan, ẹni tó bá gbá a kan ààlà ní ilẹ̀ gba 4, ẹni tó bá gbá a fò ó lókè gba 6. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú T20, ìyẹn kírííkẹ́ẹ̀tì kúkúrú, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ni. Ti ọjọ́ márùn-ún, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìgbà tí ẹ bá fẹ̀yìn tì. Láti wo ẹgbẹ́ àdúgbò, ẹ kì í sábà sanwó. Ẹ mú àga ìtẹ̀ká tiyín dání, ẹ má sì máa rìn kọjá lẹ́yìn ẹni tó ń sọ bọ́ọ̀lù nígbà tó bá ń sọ ọ́, ẹni tó ń gbá a kò ní rí i dáadáa, gbogbo pápá á yíjú sí yín.

Ọjà: ibi tí a ti ń ná an àti ibi tí a kì í ná an

Nílé, ẹni tí kò bá nájà, wọ́n á ní kò gbọ́n. Níbí, ẹni tó ná an níbi tí kò yẹ, wọ́n á wò ó bíi pé ó bú wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn:

- Supermarket: rárá. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ wọ́n máa ń lẹ ìwé yẹ́lò mọ́ oúnjẹ tí ọjọ́ rẹ̀ fẹ́ pé, iye rẹ̀ á ti jábọ́. Ẹ kọ́ àkókò ti àdúgbò yín.
- Charity shop: ẹ má ná an. Owó àánú ni wọ́n ń pa.
- Ìsọ̀ ọjà gbangba: abọ́ kan, ẹ san iye tí wọ́n kọ. Abọ́ mẹ́ta, ẹ lè béèrè. Nígbà tí wọ́n bá ń palẹ̀ mọ́, àwọn fúnra wọn ló ń ké pé kí ẹ wá gbé e lọ.
- Ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa: ẹ ò nílò ìtọ́sọ́nà mi. Páálí ẹja tàbí odindi iṣu, ẹ ná an.
- Car boot (ọjà inú búùtù mọ́tò, mo ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀): ẹ ná an dáadáa, ìdí tí wọ́n fi wá nìyẹn.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, Ridley Road ní Dalston, East Street ní Walworth, Rye Lane ní Peckham àti Brixton ni àwọn èèyàn wa mọ̀ jù. Ní Leeds, Kirkgate ni. Ní Birmingham, ọjà Bull Ring. Bí ìlú yín bá kéré, ó ṣeé ṣe kí ọjà rẹ̀ má ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ lọ́sẹ̀. Ìkànnì káńsù á sọ ọjọ́ náà fún yín.

*Ìgbésẹ̀ ọjọ́ kìíní*

1. Ẹ rìn yí ọjà ká lẹ́ẹ̀kan láìra nǹkan. Iye tí wọ́n ń ta ata tàtàṣé níwájú lè yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn.
2. Ẹ mú báàgì yín dání. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rá tí ẹ bá gbà ní ilé ìtajà kò ní dín ní pẹ́ńsì 10.
3. Ẹ wo ẹni tó wà níwájú yín, ẹ tò sẹ́yìn rẹ̀. Ìlà wà kódà níbi tí ẹ kò ti rí ìlà. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ béèrè pé, "Are you next?"
4. Ẹ má fọwọ́ kan èso. Nílé a máa ń tẹ tòmátì wò, a máa ń gbọ́ òórùn ọsàn. Níbí, ẹ nàka sí i, ẹni tó ń tà á ni á gbé e.
5. Ẹ máa wo abọ́ náà. Ẹni tó ń tajà gbé tòmátì jọ sínú abọ́ lórí koríko oníke, ti òkè pupa dẹ̀dẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá: ó ti gbé e, ó ti dojú rẹ̀ dé sínú ọ̀rá, ó ti dì í, kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ìsàlẹ̀ abọ́ ni èyí tó jẹrà ń wà. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú ẹ̀rín kó tó dà á pé ẹ fẹ́ wo ti ìsàlẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn á pààrọ̀ èyí tó jẹrà.
6. Ẹ mú ìsọ̀ kan nínú gbogbo wọn, kí ẹ máa padà síbẹ̀.

Tí ìyá tó ń ta ẹyin bá pè yín ní "love" tàbí "darling", ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ fara balẹ̀. Bó ṣe ń pe gbogbo ayé nìyẹn, àti ajá tó ń kọjá.

Wọ́n ní kò sí ènì nílùú Ọba. Irọ́ ni. Kò ní orúkọ ni. Ọkùnrin tí mo ń ra ilá lọ́wọ́ rẹ̀ kò bá mi sọ ju "Morning, boss" lọ fún oṣù méjì. Sátidé kan ó wọn ilá mi tán, ó gba owó, ó tún ju ọsàn wẹ́wẹ́ méjì sínú báàgì mi, kò wojú mi, ó ti ń dá ẹlòmíì lóhùn. Ẹ má béèrè fún un o. Béèyàn bá béèrè, kì í wá mọ́.

*Bí ọjà bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín*

Ẹ gba ìwé ẹ̀rí, tàbí ó kéré tán, ẹ ya àwòrán ìsọ̀ náà àti orúkọ tó wà lókè rẹ̀. Bí ẹni tó tà á fún yín bá jẹ́ oníṣòwò, kódà lọ́jà gbangba, òfin fún yín ní ọjọ́ 30 láti dá ohun tó ní àbùkù padà, kí ẹ sì gba owó yín. Ti pé ọkàn yín yí padà lásán kò sí níbẹ̀. Lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹrù ilé ara rẹ̀, ẹ̀tọ́ yín kéré: ohun tó sọ nípa rẹ̀ kàn gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ ni. Nítorí náà, ẹ béèrè sókè, "Does it work?", kí ẹ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ létí.

Car boot, ọjà inú búùtù mọ́tò

Pápá koríko tàbí ibi ìgbọ́kọ̀sí ni, ní àárọ̀ Sọ́ńdè lọ́pọ̀ ibi, àwọn èèyàn á ṣí búùtù, wọ́n á tẹ́ ẹrù ilé wọn sórí tábìlì.

1. Ẹ lọ ní kùtùkùtù fún ohun rere, ẹ lọ nígbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n kógbá sílé fún ohun pọ́ọ́kú. Àwọn ibì kan máa ń gba owó tó pọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá tètè wọlé.
2. Owó ẹyọ ni kí ẹ kó dání. Ẹni tó ń ta ife ní pẹ́ńsì 50 kò ní ṣẹ́ńjì £20.
3. Ẹ kí i kí ẹ tó béèrè iye. "Morning" péré.
4. Tó bá ní £10, ẹ má sọ pé £2 bí ẹni wà ní Gbági. Ẹ sọ £6 tàbí £7, ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í ṣe bí tiwa, tá a máa lọ tá a máa padà wá lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ẹ bá lọ, wọ́n á jẹ́ kí ẹ lọ.
5. Bí ẹ̀yin náà bá ń ta ẹrù yín tí ẹ ò lò mọ́, ẹ ti mọ́tò pa títí ẹ ó fi ṣetán. Kí ẹ tó ṣí búùtù tán, àwọn tó ń rà á láti tún un tà á ti kórí bọ inú rẹ̀.

*Ẹ má ra wọn ní àlòkù*

- àga ọmọdé inú mọ́tò (ẹ ò mọ̀ bóyá mọ́tò ti forí sọ nǹkan rí)
- akoto alùpùpù tàbí ti kẹ̀kẹ́
- bùláńkẹ́ẹ̀tì oníná
- ṣájà tí kò ní àmì kankan lára
- kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti ha nọ́ńbà ara rẹ̀ kúrò

Àṣìṣe tí mò ń rí

Ẹ máa ń kó ara yín lọ ní mẹ́fà-mẹ́fà. Mo mọ̀ pé ó ń fọkàn ẹni balẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́fà tó ń sọ Yorùbá láàárín ara wọn, ta ló máa já lu ọ̀rọ̀ wọn? Ẹ lọ ní ẹnì kan, tàbí méjì.

Ẹ tún máa ń pẹ́. 3 ọ̀sán, 3 ọ̀sán ni. Tí ẹ bá dé ní 3:20, ẹ ti pàdánù góòlù kan tí gbogbo wọn á fi sọ̀rọ̀ di alẹ́.

Fóònù ni ẹ̀kẹta. Ẹ má ya fídíò ọmọ ọlọ́mọ lẹ́bàá pápá. Wọ́n lè bínú gan-an sí i.

Bí Sátidé bá jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ yín

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ̀wé sí mi, iṣẹ́ ìtọ́jú lẹ ń ṣe, Sátidé ló sì ń sanwó jù. Mi ò ní kí ẹ fi sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kékeré tún máa ń gbá bọ́ọ̀lù lálẹ́ Tuesday, 7:45 ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, èrò kì í sì í pọ̀ tó ti Sátidé, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n máa dá yín mọ̀. Àwọn ọjà kan ń ná láàárín ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú, ara ẹni tó ń tajà máa ń balẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ní àyè láti sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ṣe iṣẹ́ alẹ́ mọ́jú, ẹ gba ọjà kọjá nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ nílé láàárọ̀, nígbà tí wọ́n ń tẹ́ igbá. Ẹ má ra nǹkan púpọ̀, oorun ń bẹ lójú yín. Ẹ ra ata, ẹ kí wọn, ẹ lọ sùn.